Koríko Inú Àpò Ìyá Kiyono

Kùrukùru òkun Nemuro kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ní àsìkò tí koríko pápá bá ti ga kọjá orúnkún, tí ó yẹ kí oòrùn máa yọ kí a lè gé e kí a sì sá a, ìgbà náà gan-an ni í gbéra láti ojú omi, tí í rọra wọ̀lú bí àgbàlagbà tó ń bọ̀ wá wo ọmọ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó ti gbé pápá mì, ó sì ti ń yọ́ wọ ilé màlúù láti ojú fèrèsé, débi tí Chizue fi rò pé ojú oorun ni òun ṣì wà bó ṣe ń wọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀ gba àgbàlá kọjá. Ohùn àwọn màlúù ló kọ́kọ́ gbọ́. Òórùn wàrà àti ti koríko kíkan ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn fúnra wọn wá ń yọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, dúdú ara wọn nìkan, nítorí pé funfun ara wọn ti bá kùrukùru lọ.

Suzuran ti bí. Nínú yàrá ìbímọ tó wà ní ìkángun, níbi tí wọ́n tẹ́ pòròpórò tó nípọn sí, ọmọ tuntun ti ń gbìyànjú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù, ó ń gbọ̀n, kò sì sí ẹni tó gbẹ̀bí ìyá rẹ̀ bí kò ṣe Ẹlẹ́dàá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni Ìyá Kiyono, ìyá ọkọ Chizue, jókòó sí lórí korobá tó dojú dé. Ó wọ épírọ́ọ̀nù ńlá alápò méjì lé aṣọ ìsùn, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí imú màlúù náà.

"Abo ni," ni ìyá arúgbó náà wí. Ó wo Chizue láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ dáadáa yìí, ọmọ ilé ta ni ẹ́?"

"Chizue ni mí, Ìyá. Ìyàwó Morihiko."

"Morihiko ti gbéyàwó?" Ìyá rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. "Ọmọ yẹn tí ò tíì lè so okùn bàtà ara ẹ̀."

Láti ìgbà yìnyín ọdún tó kọjá ni Chizue ti ń dáhùn ìbéèrè yìí, kò sì sú u. Ìyá ti gbàgbé pé ọkọ òun ti kú. Ó ti gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Sapporo, ó ti gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń tan iná ìdáná. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé Suzuran, ẹni tí ó fúnra rẹ̀ sọ ní orúkọ òdòdó funfun tó máa ń so bí agogo lábẹ́ igbó. Kò gbàgbé ìyá Suzuran, kò gbàgbé ìyá ìyá rẹ̀, títí dé orí màlúù kan tí òun fúnra rẹ̀ fi okùn fà gba inú yìnyín kọjá lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wá ilé ọkọ. Nígbà tí ọ̀fìnkìn dè é mọ́lé nígbà òtútù, tí wọn kò jẹ́ kó jáde wá síbí, ojú fèrèsé ló dúró sí tó ń fi èékánná ha gíláàsì. Kò jẹun, gbogbo ìgbà ló sì ń bèèrè pé nígbà wo ni wọ́n máa mú òun lọ sílé. Ọjọ́ tó padà fi ọwọ́ kan imú Suzuran ló tó sọ pé òun ti délé.

Chizue lọ gbé omi miso wá. Àṣà ilé náà ni, àṣà gbogbo ilé màlúù tó wà ní etí òkun yẹn sì ni: bí màlúù bá ti bí, wọ́n á po miso mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, miso tó jẹ́ ẹ̀wà sóyà tí a fi iyọ̀ pò títí tó fi kan, tí òórùn rẹ̀ bá ti irú tan. Wọ́n á da èèpo ọkà díẹ̀ sí i, wọ́n á sì gbé odindi korobá fún ìyá ọmọ kó fi tu ara. Kò sí màlúù tí í kọ̀ ọ́. Chizue gbé korobá náà dé ẹnu Suzuran gan-an, ó sì fi ọwọ́ bu díẹ̀ kàn án létè. Suzuran kò gbóòórùn rẹ̀. Ó yí ọrùn sẹ́yìn, ó gbé orí lé ìhà ara rẹ̀ bí ẹni tí ń sùn nínú ọkọ̀. Chizue di etí rẹ̀ mú. Etí náà tutù bí irin.

"Ẹ dúró tì í, Ìyá," ló wí, ó sì sáré lọ pe ọkọ rẹ̀.

Dókítà ẹran, Hatakeyama, obìnrin kan tí kò ga tó èjìká màlúù ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ le bí ti agbẹ́gilódò, wá nínú kùrukùru pẹ̀lú iná ọkọ̀ tí kò mọ́lẹ̀ ju iná àbẹ́là lọ. Ó tẹ́tí sí àyà Suzuran, ó fi abẹ́rẹ́ gún iṣan ọrùn rẹ̀, ó sì ní kí Morihiko gbé ìgò oògùn náà sókè kó máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀. Morihiko gbé e. Ọkùnrin tó sanra, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í pọ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n nítorí koríko tó ti gé kalẹ̀ tí kùrukùru ò sì jẹ́ kó gbẹ.

"Wàrà dé lójijì," ni dókítà ń ṣàlàyé, "ó sì fa èròjà eegun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ò fi gbé e. Ó kún inú eegun ẹ̀ o, ó pọ̀ níbẹ̀. Ara ẹ̀ ló gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ jáde." Ó wo Morihiko. "Kí ló ń jẹ látìgbà tí wàrà ẹ̀ ti gbẹ kó tó bí? Ṣé kì í ṣe koríko eléwé yẹn lẹ fún un?"

Koríko eléwé náà, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lójú bó tilẹ̀ gbẹ, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, ti àwọn tó ń fún ni ní wàrà lọ́wọ́ sì ni. Aláboyún tó bá ń jẹ ẹ́ títí dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ara rẹ̀ á di ọ̀lẹ. Ohun tó ń ti ẹnu wọlé á tó o, kò sì ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá a nínú eegun. Ọmọdé ilé màlúù pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Morihiko ní koríko gbígbẹ lásán lòun ń fún un, òun kì í fi ti olówàrà fún aláboyún, òun ò tiẹ̀ mọ ibi tí àìsàn yìí gbà wọlé.

Chizue ò wo ọkọ rẹ̀. Àpò épírọ́ọ̀nù Ìyá ló ń wò. Ó wú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó jí àkàrà, ewé tútù yọ̀yọ̀ náà sì yọ jáde létí rẹ̀. Ìyá bu díẹ̀ jáde, ó ń fi ìka rọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu Suzuran, ó ń wí fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kó jẹun, oúnjẹ gidi, kì í ṣe pàǹtí tí ọmọkùnrin oníwọra yẹn ń kó sílẹ̀ fún un. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ìfẹ́ pàápàá ní tirẹ̀.

Chizue sún mọ́ ọn, ó tẹ́ ọwọ́ bo àpò náà, ó sì dákẹ́.

Ìdí tó fi dákẹ́ ò fara sin. Nígbà tí yìnyín ń yọ́, Ìyá ti ṣí géètì fún àwọn abo kékeré, ó ní wọ́n fẹ́ lọ sílé, ojú títì ọlọ́dà ni wọ́n sì ti lọ kó wọn nínú kùrukùru bí èyí. Ọjọ́ yẹn ni Morihiko wolẹ̀ tó ní bí ohun mìíràn bá tún ṣẹlẹ̀, òun á ti ilé màlúù mọ́ ìyá òun. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á pé màlúù á tẹ̀ ẹ́ pa. Ó ti ra àgádágodo kan, ó ti gbé e kọ́ sí ìṣó nínú yàrá wàrà. Gbogbo ìgbà tí Chizue bá sì rí i, gíláàsì tí èékánná ń ha ló ń gbọ́.

Kí dókítà tó lọ, ó ní oògùn ti wọlé dáadáa, etí á gbóná láìpẹ́. Ó ní kí wọ́n máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. "Ṣùgbọ́n tí kò bá tíì dìde títí ẹ ó fi fún wàrà ìrọ̀lẹ́ tán, ẹran itan ẹ̀ á ti kú lábẹ́ ẹ̀. Ẹ pe ọkọ̀ nígbà yẹn. Ẹ má fìyà jẹ ẹ́." Morihiko ní òun ti gbọ́. Gbogbo ilé màlúù ló mọ ọkọ̀ tó ń wí. Ẹran tó bá wọ̀ ọ́ kì í bọ̀.

Wọ́n yí i. Wọ́n fi pòròpórò nu ún. Etí rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ là, ó tilẹ̀ jẹ àpọ̀jẹ. Ṣùgbọ́n dídìde ni kò dìde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ìdí rẹ̀ gbé sókè, ó yẹ̀, ó ṣubú, láti ìgbà náà ni kò sì gbìyànjú mọ́. Ó kàn ń wo iwájú bí ẹni tó ń ronú ọ̀nà jíjìn. Ìyá sùn lọ lórí korobá, orí rẹ̀ lórí ọrùn màlúù, àwọn méjèèjì sì ń mí papọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, Chizue bu wàrà sínú ife kékeré kan, ó sì lọ sí ibi òkúta tó wà ní ìkòríta. Àwọn àgbà ló ri òkúta náà mọ́lẹ̀ fún ẹ̀mí àwọn ẹran tó ti sìn wọ́n. Ó gbé ife kalẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó di ojú.

"Ẹ̀yin tí ẹ bọ́ wa kí ẹ tó lọ," ni ó wí nínú ọkàn rẹ̀, "màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ìyá wa náà kò nírù mọ́. Eṣinṣin ti pọ̀ lára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n já okùn kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá wa gbé e dìde."

Kò mọ̀ bóyá màlúù ni òun ń tọrọ fún ni, tàbí ìyá. Nígbà tó lajú, kùrukùru ti nípọn sí i, àwọn nǹkan dúdú-dúdú sì ń kọjá nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, láìsí ìró pátákò, láìsí orí, láìsí ẹsẹ̀, àbààwọ́n dúdú lásán tó ń léfòó lọ sí ìhà òkun bí erékùṣù kéékèèké. Bóyá ẹran aládùúgbò ni. Bóyá gbogbo màlúù tí Ìyá ti fún wàrà rí ni. Wọ́n kọjá, wọn ò wo ibi tó wà, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ bí aṣọ tí a rẹ sómi. Àbààwọ́n tó kẹ́yìn rí roboto, ikùn rẹ̀ sì wú, ó jọ Konatsu.

Konatsu ni orúkọ aláboyún kejì, tó ń sùn nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú Suzuran, tí oṣù rẹ̀ sì ti pé tán. Épírọ́ọ̀nù alápò méjì ni Ìyá ń wọ̀, àpò kan fún aláboyún kọ̀ọ̀kan. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí òun bá dákẹ́ kí ilẹ̀kùn lè wà ní ṣíṣí, ilẹ̀kùn náà ni Konatsu á gbà lọ.

Yàrá wàrà ló ti bá ọkọ rẹ̀, tó ń fọ ọ̀pá ẹ̀rọ ìfúnwàrà. Ó sọ ọ́ fún un, kò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: koríko eléwé, àpò, Konatsu.

Morihiko pa omi. "O ti mọ̀ látàárọ̀, Ìyá Kanae." Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, orúkọ ọmọbìnrin wọn.

"Mo ti mọ̀."

"O sì jẹ́ kí dókítà máa forí wá ohun tó wà nínú àpò."

"Ẹ̀rù ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ló bà mí, Bàbá Kanae."

Morihiko nu ọwọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìṣó, ó sì mú àgádágodo náà sápò. Ó ní wàrà ìrọ̀lẹ́ ti kù díẹ̀, òun á pe ọkọ̀ bí àwọn bá fún un tán, kó má baà pẹ́ jù. Ibi tí wọ́n dúró sí bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kan ń wo ilẹ̀, tí èkejì ń wo ìṣó tó ṣófo, ni wọ́n ti gbọ́ tí korobá ń lu ẹsẹ̀ ẹnìkan, gbọ̀ngán, gbọ̀ngán, nínú ilé màlúù.

Ìyá Kiyono ló gbé korobá. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe rí miso, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe gbé omi gbígbóná láìjóná, ẹni tí kò mọ ibi iná láti ọjọ́ yìí. Èéfín miso ń dà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbé e lọ sí ẹnu Suzuran bí Chizue ti gbé e láàárọ̀. Ó kọjá lára màlúù náà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó lọ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn tó kọjú sí pápá, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó sì gbé korobá kalẹ̀ síbẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ funfun.

"Ìyá, kò lè débẹ̀," ni Chizue wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ìyá ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Nígbà tí mo bí ọmọ mi ọkùnrin, mi ò fẹ́ dìde. Mo ní ó ti parí. Ìyá ọkọ mi gbé ọbẹ̀ miso mi sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ọbẹ̀ nìyẹn o, ó ń tutù. Mo bú u nínú ọkàn mi. Mo dìde." Ó fi ọwọ́ gbo etí korobá. "Tí wọ́n bá ń gbé e bá èèyàn lórí ẹní, á rò pé òun ń kú lọ ni."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, bí wọ́n ṣe ń pe màlúù láti pápá ní ilẹ̀ yẹn, bée-bée-bée, ohùn tó lọ tíńrín, tó dùn, tó dà bí ti ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ. Láàárín ìpè kan sí èkejì ló ń kì í:

"Suzuran, ọmọ arìnyìnyín-má-yọ̀,
Ọmọ abokùn-lọ́rùn wọlé ọkọ.
Aláìníwo tí kì í kan ará ilé,
Dúdú bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro,
Funfun bí ohun tó bo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀.
Ìyá rẹ ṣubú rí, ó dìde.
Ìyá ìyá rẹ ṣubú rí, ó dìde.
Ọbẹ̀ ń tutù, ìyálọ́mọ.
Dìde wá gbà á."

Etí Suzuran yí. Imú rẹ̀ gbé sókè, ó ń fa òórùn náà. Màlúù kì í fi iwájú dìde bí ẹṣin; ìdí ní í kọ́kọ́ gbé, lórí eékún, bí ẹni tí ń forí balẹ̀. Suzuran forí balẹ̀, ìdí rẹ̀ gbé, ó sì ń yẹ̀ lọ sọ́wọ́ òsì.

"Ìwọ ọmọkùnrin," ni Ìyá wí fún Morihiko, "o dúró bí òpó. Di ìdí ẹ̀ mú."

Morihiko sáré wọlé. Ó di ìdí ìrù mú, ó fi èjìká ti itan rẹ̀, Chizue náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ń gbàdúrà tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ẹsẹ̀ iwájú kan nà. Èkejì nà. Suzuran dúró, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sinmi. Ó tún gbé òmíràn. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e, ó ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ki orí bọ korobá, ó sì mu ún láìmí, títí tí a fi gbọ́ ahọ́n rẹ̀ lórí irin ìdí korobá.

Ìyá ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó yíjú sí Morihiko, ó wò ó pẹ́. Ohun kan gba ojú rẹ̀ kọjá, bí ìgbà tí kùrukùru bá ya díẹ̀ tí a sì rí òrùlé ilé ẹni.

"Okùn bàtà rẹ ti tú," ni ó wí.

Morihiko bojú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà rọ́bà ni, kò lókùn. Síbẹ̀ ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì di bàtà náà mú bí ẹni tí ń so okùn, ó sì pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó lè gbé ojú rẹ̀ sókè.

Wọn ò pe ọkọ̀. Wọ́n fún wàrà ìrọ̀lẹ́ tán, wọ́n jẹun, Morihiko sì jáde láìsọ ibi tó ń lọ. Chizue gbọ́ tó ń gbé nǹkan wíwúwo kiri. Nígbà tó lọ wò ó, ó ti kó gbogbo ìdì koríko eléwé lọ sínú àká ẹ̀yìn, àgádágodo náà sì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àká náà. Ilẹ̀kùn ilé màlúù wà ní ṣíṣí bó ṣe wà.

"Koríko ni mo tilẹ̀kùn mọ́," ni ó wí, bí ẹni pé ẹnìkan ń bá a jiyàn. "Mi ò tilẹ̀kùn mọ́ ìyá." Ní ibi tí koríko eléwé wà tẹ́lẹ̀, ó to koríko gbígbẹ lásán síbẹ̀, ó so ó ní okùn kan náà, ó tilẹ̀ fi aṣọ bo apá kan rẹ̀, bí ohun tí a fi pamọ́ fún olè. "Kó rí nǹkan jí," ni ó wí. Ní ti géètì ojú pápá, ó wé wáyà mọ́ ọn níbi tí ọwọ́ arúgbó ò tó. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn, wọ́n sì pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ síhà ìkòríta kí wọ́n tó wọlé.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nígbà tí Konatsu bí, kùrukùru ti ká, koríko pápá ti gbẹ, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àgbègbè náà. Konatsu dìde kí omi miso tó tutù. Ìyá Kiyono wá bá Chizue lẹ́yìn ògiri, àpò méjèèjì wú rọ̀bọ̀tọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ọmọ dáadáa," ni ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "mo ti fún un ní èyí tó dáa. Má sọ fún ọmọkùnrin yẹn o."

"Mi ò ní sọ fún un, Ìyá."

Ní òdì kejì ògiri, wọ́n gbọ́ tí ẹnìkan ń to koríko tuntun síbi tí ti àná ti dínkù, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí olè gbọ́.